Kí Màmá Lè Wo Ìnáwó Náà Fúnra Wọn

Àwọn oníbàárà mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, kì í sábà gbé káàsẹ́ẹ̀tì wá mọ́. Fóònù ni wọ́n ń gbé wá, tàbí fíláàṣì, wọ́n á ní: "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ bá wa bọ́ọ̀nù ẹ̀ sí DVD, màmá ló fẹ́ máa wò ó." Màmá tí wọ́n ń wí yìí lè má ní fóònù ńlá. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ní in, ojú wọn kì í fẹ́ wo nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ mọ́. Ohun tó mọ́ wọn lára ni kí wọ́n ti pléètì bọ inú ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ rìmóòtù, kí wọ́n sì rí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn lójú tẹlifíṣọ̀n láìbẹ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, mi ò sì gbà pé ayé ti kọjá rẹ̀.

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ká ṣáà da fídíò láti inú kọ̀ǹpútà sórí àwo ti tó. Wọ́n á dà á sí i, wọ́n á gbé e lọ sí Ìkìrun tàbí Ẹdẹ, ẹ̀rọ á máa yí, kò ní mú nǹkan kan jáde. Ẹ̀rọ DVD àtijọ́ kò gbọ́ èdè fóònù. H.264 ni ọ̀pọ̀ fóònù fi ń fún fídíò pọ̀, MPEG-2 sì ni DVD mọ̀ láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ jáde ní Japan lọ́dún 1996. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí fídíò náà padà, kó sì tò ó sínú fódà tó ń jẹ́ VIDEO_TS. DVDStyler lè ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí wọ́n bá bá yín ṣe àwo, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí VOB àti IFO nínú fódà yẹn, DVD tòótọ́ ni. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan lè gbé MP4, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní pálọ̀ màmá láti ọjọ́ pípẹ́ lè má gbé e.

Ètò tẹlifíṣọ̀n tún ṣe pàtàkì. PAL ni a ń lò ní Nàìjíríà: àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. NTSC ni ti Amẹ́ríkà. Bí ọmọ tó wà ní Houston bá ṣe àwo ránṣẹ́ sílé, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lè gbé e jáde ní dúdú àti funfun. Kó yan PAL kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn oníbàárà jiyàn ni gígùn fídíò. 4.7 GB ni àwo kan ń gbà. Wákàtí kan á mọ́ kedere lórí rẹ̀, wákàtí méjì á ṣì dára. Ṣùgbọ́n wọ́n á kó wákàtí mẹ́rin wá, látorí ìsìn ìdúpẹ́ títí dórí ijó alẹ́, wọ́n á ní kí n kì í sórí ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ṣeé kì, àmọ́ ẹwà rẹ̀ á lọ. Ìwàásù lè má fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, torí pé pásítọ̀ dúró sójú kan. Ìgbà tí ìyàwó bá bọ́ sójú agbo ni wàhálà dé: léèsì olókùúta ń dán, owó ń já bọ́ láti iwájú orí, ogún èèyàn ń jó lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tó nira láti fún pọ̀ tó ìyẹn. Àwòrán á já sí igun mẹ́rin kéékèèké, ẹ ò ní mọ ojú àbúrò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀, ibi tí màmá fẹ́ rí jù lọ gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní àwo méjì.

Bí wọ́n bá ń bọ́ọ̀nù, iná kò gbọ́dọ̀ lọ. DVD-R tí iná bá lọ lórí rẹ̀ ti bàjẹ́, a kì í kọ nǹkan sí i lẹ́ẹ̀mejì. Orí inverter ni mo ti ń ṣe tèmi, mi ò sì kì í sáré: 4x tàbí 8x, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ 16x sára páálí. Aró kan wà nínú àwo tí iná lésà ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, oòrùn sì lè ba aró yẹn jẹ́. Ẹ má fi sí ojú fèrèsé tàbí iwájú mọ́tò. Ẹ má lẹ bébà mọ́ ọn. Máákà ni kí ẹ fi kọ orúkọ ìnáwó náà sí ojú rẹ̀ tó máa ń wà lókè.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má pa fídíò inú fóònù rẹ́ nítorí pé ẹ ti gba DVD. Píksẹ́lì 1920 lọ́nà 1080 ni àwòrán fóònù sábà máa ń jẹ́. Ti DVD kò ju 720 lọ́nà 576 lọ, ohun tó bá sì ti sọ nù nínú ìyípadà kò ṣeé dá padà. Ẹ kó fídíò náà gan-an sínú hard disk, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn nínú ẹbí ní ẹ̀dà kan.