SS1 Ni Ọ̀rọ̀ Yunifásítì Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ òbí ní Kétu, Ìkòsì àti Mile 12 gbà pé ìgbà tí ọmọ bá dé SS3, tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB, ni ọ̀rọ̀ yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ délé. Ó ti pẹ́ nígbà náà. Ọjọ́ tí ọmọ wọ SS1, tí wọ́n ní kó mú sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà, ni ohun tó lè kà àti ohun tí kò lè kà ti yàtọ̀ síra.

Ẹ wo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó wu ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ta ata àti tòmátì ní Mile 12 fún ọmọ wọn. Kí ọmọ tó lè kà á ní yunifásítì, ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì, ìyẹn A1 sí C6, nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́místìrì àti bàọ́lọ́jì. Tó bá wá lọ sí kọmáṣà torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀, tàbí torí pé ìṣirò dà á láàmú ní JSS3, kò ní fojú kan físíìsì mọ́. Bó gba máàkì rẹpẹtẹ ní JAMB, kò lè fi wọ nọ́ọ̀sì. GCE, ìdánwò tí ọmọ ń dá forúkọ sílẹ̀ fún, ló kù, pẹ̀lú olùkọ́ tí wọ́n á sanwó fún kó fi oṣù díẹ̀ kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ìjọba Èkó máa ń san owó WAEC fún ọmọ ilé ìwé ìjọba. Ti GCE, àpò òbí ni. Àwọn yunifásítì kan kì í sì í gba èsì ìjókòó méjì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó mú kíláàsì. JAMB ní ìwé ìlànà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sọ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀yin àti ọmọ yín jọ kà á ní sáà kẹta JSS3. Ẹ ó rí i pé lọ́yà nílò Lítíréṣọ̀, pé ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà kò lè yẹ ìṣirò, físíìsì àti kẹ́místìrì sílẹ̀.

Máàkì JAMB nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ní UNILAG tó wà ní Akọkà, máàkì JAMB, tó jẹ́ 400, ni wọ́n máa ń fi mẹ́jọ pín sí 50. Ìdánwò tiwọn gba 30. 20 tó kù, WAEC ló ni ín: A1 kan jẹ́ 4, C6 kan jẹ́ 2. Ọmọ tó ní A1 márùn-ún gba 20 pé. Ẹni tó ní C6 márùn-ún gba 10. Kí ẹni yìí tó lè fi JAMB dí 10 náà, ó gbọ́dọ̀ fi máàkì 80 ju èkejì rẹ̀ lọ. Ìpìlẹ̀ A1 yẹn, SS1 ni wọ́n ti ń fi lélẹ̀, torí ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ wà nínú ìdánwò WAEC.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe JAMB: ìbéèrè 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì péré. Ó máa ń dùn mí kí ọmọ tó mọ̀wé máa wá máúsì kiri lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ jẹ́ kó ti máa lo kọ̀ǹpútà láti SS1.

Orúkọ ọmọ náà ńkọ́? JAMB ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí láti inú NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Bí NIN bá pè é ní Ọláyínká, tí ìwé ilé ìwé ń pè é ní Yínká, tí ọjọ́ ìbí sì yàtọ̀, ẹ lọ tún un ṣe nígbà tó ṣì wà ní SS1, kí ilé ìwé tó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí WAEC. Ẹ mú ìwé ìbí dání. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN ń gba owó àti àkókò, àkókò yìí ni kò ní sí mọ́ ní SS3.