Ikọ́ Fée: Inhaler Búlúù Nìkan Kò Tó

Ní Sáńgò-Ọ̀tà níbí, ẹni tó ní ikọ́ fée, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní asima, mọ ohun tó ń ru ú sókè: èéfín ilé iṣẹ́, eruku ọ̀nà Ìdírókò, ọyẹ́. (Tùràrí mọ́ṣáláṣí náà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká dín in kù.) Iṣẹ́ tí oògùn ọwọ́ wọn ń ṣe gan-an ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀.

Nínú ikọ́ fée, ọ̀nà tí èémí ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró máa ń wú nínú, ẹran tó yí i ká á sì tún fún un pa. Inhaler búlúù, salbutamol, ń tú ẹran náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fún bíi wákàtí mẹ́rin. Kò fọwọ́ kan wíwú náà. Èyí tó ń mú un lọ sílẹ̀ ni inhaler ojoojúmọ́ tó ní beclometasone tàbí budesonide, tí dókítà máa ń kọ, tí a ń fà bí ara tilẹ̀ yá. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Agolo búlúù kan ń jẹ́ fífà 200. Ẹni tó ń ra ọ̀kan lóṣù ń fà á ní ìgbà mẹ́fà sí méje lójúmọ́. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ á máa yin oògùn náà fún mi. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Ẹni tó ń lo agolo 12 lọ́dún wà nínú ewu ikú ju ẹlòmíràn lọ. Láti 2019 ni GINA, àjọ àgbáyé lórí ikọ́ fée, ti ní kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ má gbára lé búlúù nìkan mọ́.

Owó ńkọ́? Lóòótọ́, Ventolin ti wọ́n gógó láti ìgbà tí GSK ti kéde ní 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè ti ilé iṣẹ́ mìíràn tó ní nọ́ńbà NAFDAC.

Ní Rámádánì, ẹ lè fa ti ojoojúmọ́ nígbà sààrì àti lẹ́yìn ìṣínu. Bí èémí bá há lọ́sàn-án, ẹ fa búlúù lójú ẹsẹ̀. Àwọn àáfà kò fẹnu kò lórí bóyá ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ bi Ìmáàmù yín. Ṣùgbọ́n Súrà Bákárà, áyà 184, ti yọ̀ǹda kí aláìsàn san ààwẹ̀ padà.

Bí ẹnì kan kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí nítorí èémí, ẹ mú un jókòó, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Kó fa búlúù lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù. Ẹ mọ bí ọ̀nà Sáńgò ṣe ń dí nírọ̀lẹ́. Ẹ mú agolo náà dání. Ní ogún ìṣẹ́jú síra ni kó tún máa fà á títí ẹ ó fi débẹ̀.