Èdè Látìn ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Ìtàn Ogun Òwu

Kí ni ọmọ Ẹ̀rúnmu fẹ́ fi èdè Látìn ṣe? Ìbéèrè náà jọ ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìdáhùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948 ni wọ́n ti ń kọ́ Látìn àti Gíríìkì àtijọ́ níbẹ̀. Christopher Okigbo, akéwì, gba oyè nínú ẹ̀kọ́ yìí ní 1956, ó sì fi Látìn ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Fìdítì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀wọ́n báyìí. Ẹni tí ó bá ń wá oúnjẹ òòjọ́ nìkan, kí ó tètè mọ̀.

Èrè àkọ́kọ́ wà nínú gírámà. Ní Yorùbá, ipò ọ̀rọ̀ ni ó ń fi olùwà àti àbọ̀ hàn: "Ajá rí ọmọ" kì í ṣe "Ọmọ rí ajá." Ní Látìn, ìparí ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. "Canis puerum videt" àti "Puerum canis videt" jẹ́ ọ̀kan náà: ajá ni ó rí ọmọ, nítorí "-um" ti sọ "puer" di àbọ̀. Bí ọmọ bá ni ó rí ajá, yóò di "Puer canem videt." Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá mọ èyí yóò túbọ̀ rí bí èdè tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Èrè kejì ni ó kan Ẹ̀rúnmu gan-an. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí ó parí ní 1897, Samuel Johnson kédàárò pé àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá mọ ìtàn Róòmù àti Gíríìsì, wọn kò sì mọ ti ilé wọn. Ìwé yẹn kan náà ni ó ròyìn ogun tí ó fọ́ Òwu, tí kò sì dá Ẹ̀rúnmu sí. Ní 2004, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan gbé ogun yìí sórí ìtàgé nínú Women of Owu, èyí tí ó fi eré Euripides lórí àwọn obìnrin Troy ṣe ìpìlẹ̀. Seneca ti kọ irú eré náà ní Látìn. Virgil náà sọ bí Aeneas ti gbé bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká jáde nínú iná Troy. Àwọn ará Róòmù kò tijú láti pe ara wọn ní ìran àwọn tí a ṣẹ́gun. Àwọn ọmọ Òwu tí wọ́n tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, Johnson sì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Látìn kà pọ̀ mọ́ Virgil.