Ìgbà Wo ni Olùyípadà Méjì Dọ́gba?

Ọmọ ìka kò dọ́gba, síbẹ̀ ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn olùyípadà tí ń ṣiṣẹ́ nínú àyè tí a fi orúkọ David Hilbert pè, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì tí ó gbé ayé láti 1862 sí 1943. Olùyípadà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní operator, a máa gba fẹ́kítọ̀ kan, a sì sọ ọ́ di òmíràn. Kò gbọdọ̀ da àròpọ̀ tàbí ìsọdipúpọ̀ rú, ààlà sì gbọ́dọ̀ wà fún bí ó ti lè fa fẹ́kítọ̀ gùn tó.

Irú ìdọ́gba yòówù tí a bá yàn fún wọn, òfin mẹ́ta ni yóò pa mọ́. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ bá ara rẹ̀ dọ́gba. Bí P bá dọ́gba pẹ̀lú Q, Q náà gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú P. Bí P bá dọ́gba pẹ̀lú Q, tí Q sì dọ́gba pẹ̀lú R, dandan ni kí P dọ́gba pẹ̀lú R.

Ìdọ́gba kìíní ni ìjọra: P jọ Q bí a bá rí olùyípadà S, tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé dá padà, tí SP àti QS fi jẹ́ ọ̀kan náà. Èkejì le ju èyí lọ: S kò gbọdọ̀ yí gígùn fẹ́kítọ̀ kankan padà. Irú S bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní unitary.

Ẹ jẹ́ kí P sọ (x, y) di (y, 0), kí Q sì sọ ọ́ di (2y, 0). Bí S bá sọ (x, y) di (2x, y), SP àti QS yóò yọrí sí (2y, 0) bákan náà. P jọ Q nìyẹn. Ṣùgbọ́n P kì í fa fẹ́kítọ̀ kankan gùn, nígbà tí Q ń sọ gígùn (0, 1) di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, kò sí unitary tí ó lè so wọ́n pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìjọra sí ọ̀kan náà pátápátá yóò gbé agbára Q wọ P lọ́rùn, ìṣirò rẹ̀ yóò sì wó.

Ní 1951, C. R. Putnam fi hàn pé kò sí ewu yìí láàrin àwọn olùyípadà tí a ń pè ní normal: bí méjì nínú wọn bá jọra, unitary kan wà tí yóò so wọ́n pọ̀. P àti Q kò sí nínú ẹgbẹ́ náà.

Nítorí èyí, ìbéèrè tí ó yẹ olùkọ́ kì í ṣe “Ǹjẹ́ wọ́n dọ́gba?” nìkan, bí kò ṣe “Nípa kí ni wọ́n fi dọ́gba?”