GSM Kì í Ṣe Orúkọ Fóònù

Bí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀ Ọbaníkòró nírọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ kí ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì pé, "Fún mi ní nọ́ńbà GSM ẹ." Kò sẹ́ni tí gbólóhùn yẹn ń yà lẹ́nu mọ́. Àmọ́ èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, etí mi máa ń dúró lé e lórí. GSM kì í ṣe orúkọ fóònù. Orúkọ ọ̀nà kan ni, láàárín ọ̀nà mélòó kan tí a lè gbà fi ohùn ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ alátà ní Omo, tí a ń pe gbogbo núdù ní Indomie, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fi orúkọ ẹni tó borí pe gbogbo agbo. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú èdè, ẹ tètè wá alátakò tó ṣubú lọ. Alátakò tibí ni CDMA, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ni ò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń fa ìjà. Afẹ́fẹ́ pọ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n ìgbì rédíò tó wúlò fún fóònù kò pọ̀. Ìjọba ló ń pín in bí ẹni ń pín ilẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì fún ní pápá mẹ́ta kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ìkẹrin. Ìbéèrè tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ń bi ara rẹ̀ nìyí: lórí ilẹ̀ tóóró yìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohùn wọn ò ní dà pọ̀ mọ́ra?

Ìdáhùn GSM dà bíi ti alága ìpàdé àdúgbò tó ń fún èèyàn láyè sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ gé ilẹ̀ náà sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 kilohertz. Lẹ́yìn náà, ó pín àkókò lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sí àyè 8. Ìwọ sọ tìrẹ, ẹnì kejì sọ tirẹ̀, títí yóò fi kan ẹni kẹjọ, kó tó tún padà sọ́dọ̀ rẹ. Àyípo yìí ń ṣẹlẹ̀ ju ìgbà 200 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí etí ò fi mọ̀ pé wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ náà wẹ́wẹ́ kó tó dé.

CDMA ò fún ẹnikẹ́ni láyè, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀ lórí ọ̀nà kan náà tó fẹ̀, 1.25 megahertz, ṣùgbọ́n àmì tí wọ́n fi di ọ̀rọ̀ oníkálukú yàtọ̀ síra. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ràn láti fi àwọn tó ń sọ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú yàrá kan ṣàpèjúwe rẹ̀: Yorùbá níhìn-ín, Ìgbò lọ́hùn-ún, Ẹ̀gùn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á mú Yorùbá, á ka ìyókù sí ariwo. Àpèjúwe yẹn dùn, àmọ́ onímọ̀ èdè ò lè gbà á mì bẹ́ẹ̀. Èdè méjì máa ń ní ìró tó jọra. Àmì CDMA ní tirẹ̀, ìṣirò ni wọ́n fi yàn án kí ọ̀kan má bàa jọ èkejì. Ohun tí àpèjúwe náà tún fojú fò dá ni ariwo. Bí ẹnì kan bá pariwo nínú yàrá yẹn, kò sí èdè tí etí lè mú mọ́. Nítorí náà, òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì CDMA máa ń pàṣẹ fún fóònù kọ̀ọ̀kan nígbà 800 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: gbé ohùn sókè díẹ̀, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ká ní a lè rí irú òpó bẹ́ẹ̀ fún àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ orí Ìkòròdú Road!

Ilẹ̀ Yúróòpù ni GSM ti wá. Ọdún 1982 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù níbẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde kí fóònù tí èèyàn rà ní orílẹ̀-èdè kan lè ṣiṣẹ́ ní òmíràn, ọdún 1991 sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi pe ìpè gidi ní Finland. CDMA ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Qualcomm ti ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde. Hong Kong ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1995, Kòríà Gúúsù tẹ̀ lé e ní 1996. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ ló gbà nígbà yẹn pé CDMA ló mọ́gbọ́n dání jù, torí pé ó lè kó èèyàn púpọ̀ sórí ilẹ̀ kékeré.

Ẹ wá wo tiwa. Kó tó di 2001, nǹkan bí 400,000 ìlà tẹlifóònù ni NITEL ní fún èèyàn tó lé ní 100 mílíọ̀nù. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, àjọ NCC, tí Ernest Ndukwe ń darí nígbà náà, ta ìwé àṣẹ ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. MTN àti Econet sanwó. Ẹni kẹta, CIL, ò rí owó san lásìkò, ó sì pàdánù tirẹ̀. NITEL náà gba ti M-Tel. Ìgbì 900 àti 1800 megahertz ni wọ́n tà fún wọn, ìgbì tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ GSM fún káàkiri ayé. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé. Ẹni tó ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò tún jókòó yan ohun ọ̀gbìn mọ́. Ilẹ̀ ti yàn fún un. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìpè bẹ̀rẹ̀. Globacom wọlé ní 2003, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá dípò ìṣẹ́jú, ohun tí àwọn yòókù ti ń sọ pé kò tíì ṣeé ṣe.

Àwọn CDMA ò gba ẹnu ọ̀nà gbàǹjo yẹn wọlé. Multi-Links, Starcomms, Reltel àti irú wọn, tẹlifóònù inú ilé aláìní-wáyà ni wọ́n gbàṣẹ fún ní tiwọn. Ẹ ó rántí fóònù orí tábìlì tó ní eriali ṣóńṣó. Ìgbà tí NCC gbé ìwé àṣẹ alákòópọ̀ jáde ní 2006 ni wọ́n tó lè máa rìn káàkiri bíi ti GSM, Visafone sì dara pọ̀ mọ́ wọn láìpẹ́ sígbà náà. Ká sọ tòótọ́, íntánẹ́ẹ̀tì wọn yá ju ti GSM lọ nígbà yẹn, ohùn wọn sì mọ́ketekete. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mọ modẹ́ẹ̀mù wọn dáadáa.

Kí ló wá pa wọ́n? Wọn ò kú nítorí ìmọ̀ ẹ̀rọ tó kù díẹ̀ káàtó. Síìmù ni mo kọ́kọ́ máa dárúkọ. Lórí GSM, nọ́ńbà rẹ wà nínú káàdì kékeré kan. O lè yọ ọ́, kí o fi sínú fóònù tòkunbọ̀ tí àbúrò rẹ mú bọ̀ láti London, tàbí èyí tí o ná lówó ní Computer Village n'Íkẹjà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù CDMA tí wọ́n tà fún wa, inú fóònù gan-an ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Bí fóònù bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ lo ń lọ. Mo ní ọ̀kan lórí tábìlì mi, ti ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, nọ́ńbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi lókè òkun mọ̀ mí mọ́ bá a lọ.

Èkejì ni iye tó ń ra ọjà. Gbogbo ayé ló ń ra fóònù GSM, nítorí náà wọ́n ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, owó rẹ̀ sì ń já wálẹ̀. Àìrọ́mọ ni ẹ̀kẹta, òun ló sì burú jù. Ní 2007, Verizon, bàbá ìsàlẹ̀ CDMA ní Amẹ́ríkà, kéde pé LTE lòun máa lò fún ìran kẹrin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Qualcomm fúnra rẹ̀ pa iṣẹ́ tó ń ṣe lórí àrólé CDMA tì. Ta ló máa wá kó owó tuntun lé ohun tí kò ní ọmọ? Ilé-iṣẹ́ Telkom ti South Africa tó ra Multi-Links bẹ̀rẹ̀ ní 2007 jáde kúrò níbẹ̀ ní 2011 pẹ̀lú àdánù ńlá. Starcomms tó gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ lọ sí ọjà ní 2008 ò dúró pẹ́. Nígbà tí 2015 ń wọnú 2016, MTN ra Visafone. Ohun tó ṣe iyebíye jù nínú ẹrù yẹn ni ìgbì 800 megahertz, nítorí ìgbì tó bá wà nísàlẹ̀ máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń la ògiri kọjá. Orí ilẹ̀ olóògbé ni apá kan nínú 4G wọn ti wá ń hù.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní GSM borí pátápátá ò wo ìdí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìran kẹta dé, tí NCC ta ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 150 mílíọ̀nù dọ́là ní 2007, ọgbọ́n tó wà nínú 3G tí àwọn onígSM ń lò ni ti CDMA gan-an: kí gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ pa pọ̀, kí àmì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀nà wọn kàn fẹ̀ sí i, 5 megahertz. Ẹ wo Ìlọrin. Ìdílé Fúlàní ló ń jọba níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, síbẹ̀ Yorùbá ni ìlú ń sọ. Qualcomm náà ò sunkún. Owó àṣẹ ìlò ọgbọ́n rẹ̀ ń wọlé lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ́gun.

Ó ku ohun kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kì í kà sí, tó sì ń dùn mí. Àtẹ̀jíṣẹ́ GSM máa ń gba lẹ́tà 160, bí lẹ́tà náà bá wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí ìgbìmọ̀ ará Yúróòpù yẹn tò sílẹ̀. À, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, nítorí àwọn ará Ítálì àti Faransé. Á, í, ó àti ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sínú ọ̀rọ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á bọ́ sórí ètò míì tó ń gba àyè púpọ̀, 160 á sì di 70. Ẹ́ tó ní àmì lórí àti nísàlẹ̀ tún máa ń jẹ àyè méjì. Ẹni tó bá kọ Yorùbá bó ṣe yẹ lè sanwó méjì tàbí mẹ́ta níbi tí ẹni tó kọ ọ́ gbàgẹ̀rẹ̀ ti san ẹyọ kan. Ìyàwó ilé kan á wá kọ "Oko mi ti de", ẹni tó gbà á á sì máa ronú bóyá ọkọ ló dé ni, tàbí ọkọ̀. Wọ́n ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wa má fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀lẹ wà níbẹ̀, n ò jiyàn, ṣùgbọ́n owó orí ti wà lórí àmì ohùn kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó mọ ìwé kà.

Lónìí, ìjà ọ̀nà ti tán. Gbogbo ayé ló ń lọ sórí 4G àti 5G kan náà. Ilẹ̀ ló kù tí wọ́n ń jà sí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, MTN àti Mafab borí nínú gbàǹjo ìgbì 3.5 gigahertz, 273.6 mílíọ̀nù dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgbì gíga bẹ́ẹ̀ yára, àmọ́ kò lè rìn jìnnà, òpó ní láti sún mọ́ ara wọn. Ṣómólú àti Bárígà, níbi tí ilé ti fún mọ́ra, lè san owó òpó náà padà; abúlé tí ilé mẹ́wàá wà kò lè san án. Verizon ti pa CDMA rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2022. GSM àtijọ́ ṣì wà níhìn-ín, nítorí fóònù oníná tọ́ọ̀ṣì tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń lò, àti ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ POS ojú pópó, òun nìkan ni wọ́n gbọ́.