Eré Gígùn Ìkẹyìn Kí Ọjọ́ Ìje Tó Pé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ ìje gan-an ni eré màrátọ́nì máa ń le jù. Ẹ bi àwọn tó ti sá a wò. Wọn yóò sọ fún yín pé ọjọ́ kan wà ṣáájú rẹ̀ tí kò sí ìlù, tí èrò kò dúró pàtẹ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fún ni ní ẹ̀bùn. Ọjọ́ eré gígùn ìkẹyìn ni. Ọjọ́ yìí, àti ohun tó yẹ kí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa àti àwọn àgbà pàápàá ti ń forúkọ sílẹ̀ fún eré ìje ìlú Èkó.

KÍ NI ERÉ NÁÀ?

Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni màrátọ́nì. Gígùn yìí ni wọ́n sá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1908, ó sì di òfin fún gbogbo ayé ní 1921. Ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016 ni Lagos City Marathon bẹ̀rẹ̀, láti National Stadium ní Surulere, gba orí afárá Third Mainland, títí dé Eko Atlantic. Inú oṣù kejì ni wọ́n sì máa ń fi í sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń múra sílẹ̀ láti Òde-Èkìtì níbí, inú ọyẹ́ oṣù kìíní ni eré gígùn ìkẹyìn rẹ̀ yóò bọ́ sí.

Àwọn olùkọ́ eré ìje sábà máa ń fi í sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìje, kí ó jẹ́ kìlómítà 30 sí 32. Ìdí wà fún iye yìí. Iyán, ìrẹsì àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ara ń sọ di okun, tí ó ń fi pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nǹkan bíi kìlómítà 30 ni okun yìí ti ń tán. Ẹsẹ̀ á wúwo, ọkàn á sì máa sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó yẹ kí ènìyàn ti bá ibẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan kó tó dé Èkó.

ARÁKÙNRIN WA LÓJÚ Ọ̀NÀ ÌSẸ̀

Arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa, tíṣà ni, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní, ó jáde ní Ìkẹ́rẹ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, ó dorí kọ ọ̀nà Ìsẹ̀. Kìlómítà 16 ni àlọ, 16 ni àbọ̀. Aṣọ tó ń tàn ló wọ̀, ó sì ń kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé omi fún ọlọ́kadà kan tí wọ́n mọ̀ pé kí ó pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Àlọ rọrùn. Àbọ̀ ló le. Eruku ti wọ̀ ọ́ lọ́fun, ètè rẹ̀ ti bẹ́, oòrùn sì ti yọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò kíyè sí nígbà tó ń lọ ti di òkè níwájú rẹ̀. Ní kìlómítà 27, pajápajá mú un lẹ́sẹ̀. Ó rìn, ó sáré, ó tún rìn. Ó ní nígbà tí òun rí àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́ lókèèrè, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń sún sẹ́yìn. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, òun àti ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, mo ti kùnà. Mo fẹ́ tún un sá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé o dé ilé?"

"Mo dé, sà."

"Kìlómítà mélòó lo sá?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n pé, Bàbá."

"Kí ló wá kù tí o fẹ́ lọ wá lójú ọ̀nà Ìsẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi í. Láti àná, kò lè jókòó kó má ké yéè!"

ÌDÍ TÍ A FI GBỌ́DỌ̀ SINMI

Ẹ̀yin ará, eré gígùn kì í fún ara lágbára lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló ń dá ọgbẹ́ kéékèèké sínú iṣan. Nígbà tí a bá sùn, tí a jẹun, tí a sinmi, ni ara ń tún un ṣe kí ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Eré líle tí a bá sá nígbà tí ìje ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àárẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò bá wa dé Èkó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dín eré kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí tí ọ̀sẹ̀ ìje yóò fi jẹ́ ìnasẹ̀ lásán.

Ẹ̀rù àwọn mìíràn ni pé bí àwọn bá sinmi, agbára àwọn yóò lọ. Ẹ wo Abebe Bikila, ọmọ Etiópíà, tó fi ẹsẹ̀ lásán gba wúrà ní Róòmù ní 1960. Ní 1964, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nínú ikùn tó fi sá màrátọ́nì ní Tókíò. Òun náà ló tún gbégbá orókè, ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 12. Agbára tó ti kó jọ kò ṣá lọ.

Ẹ tún rántí Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19. Oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó rin ogójì ọjọ́ lọ sí Hórébù.

Arákùnrin wa gbà, ó sinmi. Nígbà tó dé Èkó, pajápajá tún fẹ́ mú un, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. Ó dẹ ẹsẹ̀, ó mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó sì parí eré náà.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ

1. Kí dókítà yẹ ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò kí ìmúrasílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún.

2. Kí a máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Omi lásán ní àmujù léwu, nítorí òógùn ń kó iyọ̀ ara lọ.

3. Àwọn àgbà ní iyán ni oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ó pọ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ìje. Lẹ́yìn eré gígùn, ẹ fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja kún un, kí iṣan lè tètè san.

4. Oúnjẹ àjèjì àti bàtà tuntun kò yẹ ọjọ́ ìje.

5. Bí àyà bá ń dun ni, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ ni, kí a dúró. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Olùfẹ́, bóyá ìwọ kì í sáré. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kàwé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kí ló ń wá pẹ̀lú àtùpà títí ilẹ̀ fi mọ́ ní ọjọ́ ìdánwò? Ẹ ṣe iṣẹ́ yín dáadáa nígbà tí àkókò rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ lọ sùn. Olúwa yóò fún yín lókun ní ọjọ́ náà.