Ìṣòro Èdè-Ìperí Nínú Àlàyé Ọ̀gbìn Túlíìpù

Nínú àwọn òdòdó tí àwọn ará Yúróòpù máa ń gbìn sí ọgbà ilé, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó ń yọ olùtumọ̀ lẹ́nu tó túlíìpù. Kì í ṣe orúkọ òdòdó náà ni ìṣòro. Bí àwọn tí ó tú Bíbélì ti yá lílì láti inú èdè mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè yá túlíìpù, kí a sì fi àmì ohùn sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ohun tí a ń rì mọ́lẹ̀ kí òdòdó náà tó hù, àti àwọn ìgbà tí ó ń là kọjá kí ó tó tanná. Bí orúkọ tí a fún nǹkan wọ̀nyí kò bá bá ìṣẹ̀dá wọn mu, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ṣìnà kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Orí òkè àárín gbùngbùn Éṣíà, níbi tí òtútù ti mú gan-an tí ìgbà ooru sì gbẹ, ni túlíìpù ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará Tọ́kì, tí ń pè é ní lale, ti ń gbìn ín sí ọgbà kí ó tó dé ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ní 1593 ni Carolus Clusius gbìn ín sí ọgbà yunifásítì ìlú Leiden ní Nẹ́dálándì. Ó sì tanná níbẹ̀ ní 1594. Títí di òní, oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá ni a máa ń gbìn ín ní àgbègbè náà, nínú ilẹ̀ oníyanrìn tí omi kì í dúró sí. A ó gbẹ́ ihò tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta gíga ohun tí a fẹ́ rì. A ó kọ ṣóńṣó orí rẹ̀ sí òkè, a ó sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Kí wá ni orúkọ ohun tí a rì náà? Ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ẹnu jù ni iṣu. Ó wà nínú ilẹ̀, ó ki, ó sì ń hù. Ṣùgbọ́n iṣu jẹ́ ohun tí àgbẹ̀ ń gé sí èbù. Bí a bá gé iṣu kan sí mẹ́rin tí èèpo sì wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a retí pé yóò hù. Ẹni tí ó bá gé ti túlíìpù bẹ́ẹ̀ yóò ba ojú-ìhù tí yóò yọ òdòdó jẹ́, nítorí àárín gbùngbùn ni ó wà, ìyókù a sì jẹrà. Ohun mìíràn ni pé oúnjẹ ni iṣu lójú Yorùbá. Ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, nígbà tí ìyàn mú ní ìwọ̀-oòrùn Nẹ́dálándì lábẹ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì, àwọn ènìyàn jẹ ohun yìí nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì ní láti yọ ọkàn rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó sè é nítorí májèlé. Oje rẹ̀ a tún máa mú kí ọwọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ bó. Orúkọ tí ó bá mú akẹ́kọ̀ọ́ ronú nípa ìkòkò ọbẹ̀ kò lè ṣe é ní rere.

Àlùbọ́sà ni ó fi ọ̀nà hàn. Bí a bá fi ọ̀bẹ la àlùbọ́sà láti orí dé ìdí, ìṣẹ̀dá kan náà ni a ó bá níbẹ̀. Ìdí pẹlẹbẹ tí irun gbòǹgbò ti ń yọ ni igi rẹ̀ gan-an. Ìpele funfun tí ó bo ara wọn jẹ́ ewé tí ó sanra nítorí oúnjẹ tí ó kó pamọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìta sì jẹ́ ewé tí ó ti gbẹ. Èyí ni ó ya irú wọn sọ́tọ̀ kúrò lára kókò, èyí tí í ṣe igi tí ó wú. Àwọn kan lè fẹ́ láti pe ti túlíìpù ní àlùbọ́sà-òdòdó, ṣùgbọ́n irúgbìn kan ni àlùbọ́sà ń dárúkọ, kì í ṣe ẹ̀yà ara irúgbìn. Ìdì-ewé ìbá dára, bí kò bá jẹ́ pé ohun tí àwọn eléwé ń tà lọ́jà fún ẹlẹ́kọ àti olólèlè ni. Kókó-ewé ni ó kù, ó sì sọ òótọ́: ewé tí ó ṣù jọ di kókó. Ẹrù atẹ̀wé ni láti má ṣe jẹ́ kí àmì ohùn rẹ̀ di ti kókò, nítorí gbogbo iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ náà yóò bàjẹ́ nìyẹn.

Ti àwọn kéékèèké tí ń hù láàrin ìpele kókó-ewé kò ṣòro rárá. Lẹ́yìn ìtànná, ìyá a tán, àwọn wọ̀nyí a sì rọ́pò rẹ̀, gan-an bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti so ṣe ń kú tí ọmọ rẹ̀ ń gba ipò. Ọmọ ni kí a máa pè wọ́n.

Bí òdòdó bá ti rẹ̀, ológbà a já orí rẹ̀ kí ó má baà so èso, ṣùgbọ́n yóò fi ewé sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà títí yóò fi pọ́n. Ẹni tí ó bá gé e nítorí pé kò wuni mọ́, oúnjẹ ọdún tí ń bọ̀ ni ó gé dànù. Lẹ́yìn èyí ni a ó wú kókó-ewé, tí a ó sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi gbígbẹ. Wọ́n a máa pe àsìkò yìí ní oorun. Bẹ́ẹ̀, inú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí gan-an ni òdòdó ọdún tí ń bọ̀ ń di odindi nínú kókó-ewé, pẹ̀lú ewé òdòdó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀. Ìdákẹ́ ni ó tọ́, nítorí ẹni tí ó dákẹ́ lè máa ṣiṣẹ́.

Ìgbà ìrúwé ti wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ní Yúróòpù. Kò sí ìdí láti jù ú nù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ àlàyé. Lójú ọmọ Yorùbá, òjò àkọ́rọ̀ ni ń mú kí igi rúwé. Nítorí náà, bí ó bá gbọ́ pé túlíìpù ń tanná ní ìgbà ìrúwé, òjò ni yóò rò pé ó ń retí. Òtútù ni ó ń retí, kí ooru tó lè wúlò fún un. Ó ní láti wà ní ibi tí kò gbóná ju ìwọ̀n Celsius 9 lọ fún ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè ta, kí oúnjẹ tí ó kó pamọ́ lè di ṣúgà, kí igi òdòdó sì lè múra láti ga. Bí kò bá rí i, òdòdó a rọ sáàrin ewé. Gbígba òtútù ni kí a pe èyí; bí a bá ní òtútù mú un, àìsàn ni etí yóò gbọ́. Ọyẹ́ Ìbàdàn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ó mú tó, nítorí oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Ní Florida àti Texas tí ó gbóná, inú fíríìjì ni àwọn ológbà ń kó kókó-ewé sí kí wọ́n tó gbìn ín, ó sì máa ń jẹ́ ti ọdún kan ṣoṣo. Wọn kì í kó o mọ́ èso ápù, nítorí afẹ́fẹ́ tí èso tí ń pọ́n ń tú jáde a máa pa òdòdó inú rẹ̀.

Ní ti àwọ̀, dúdú, funfun àti pupa nìkan kò tó. A nílò àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ọsàn àti elésè àlùkò. Síbẹ̀, Yorùbá rí ọ̀nà kan níbi tí àwọn ará Yúróòpù kò ti rí i: túlíìpù dúdú tí wọ́n ti ń wá láti ìgbà pípẹ́ kò tíì jáde lójú tiwọn, nítorí èyí tí wọ́n ń pè ní Queen of Night jẹ́ elésè àlùkò tí ó kún. Dúdú Yorùbá gbà á láìsí irọ́.

Èyí tí ó fẹ́ ìṣọ́ra jù ni òdòdó tí pupa là mọ́ funfun lára rẹ̀ bí ahọ́n iná. Irú rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Nẹ́dálándì ń du ní owó gegere kí ọjà náà tó já lulẹ̀ ní oṣù kejì 1637. Dorothy Cayley fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1928 pé àrùn tí ń ràn ni ó ń fa ilà wọ̀nyí. Fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn kòkòrò tíńtìntín tí ń fa omi ewé mu ni ó sì ń gbé e kiri. Kókó-ewé tí ó bá ní in a máa rù lọ́dọọdún, ọmọ rẹ̀ a sì dín kù. Àwọn onílà tí a ń tà lónìí kò ní àrùn. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Onílà àrùn àti onílà àbínibí ni kí olùtumọ̀ fi yà wọ́n, kí ológbà má baà wú èyí tí ara rẹ̀ le sọnù, kí ó sì fi aláìsàn sílẹ̀ láàrin àwọn yòókù.